Ìgò, ẹran inú ọbẹ̀ àbí abẹ́rẹ́: èwo ni ká mú fún àjẹsára àwọn àgbà wa?

Ìgò náà ò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Wọ́n ya àyà ènìyàn sí i lára, wọ́n wá fi ọfà pupa tọ́ka sí ẹ̀yìn egungun àyà, níbi tí thymus wà, ẹṣẹ́ tó ń kọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń bá àrùn jà níṣẹ́. 38,000 náírà ni Màámi san fún un lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú kan ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Ẹni tó ń tà á sọ fún wọn pé thymus gbogbo àgbàlagbà ti kú, àti pé hóró méjì láàárọ̀, hóró méjì lálẹ́, yóò jí i dìde láàárín oṣù mẹ́ta.

Nígbà tí àwa ọmọ gbọ́, ọ̀rọ̀ di bí o ò lọ o yà fún mi lórí WhatsApp. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wà ní Houston ní ká sọ ìgò náà nù, òun máa wá abẹ́rẹ́ hòmóònù ránṣẹ́. Àbúrò mi obìnrin tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Adó ní abẹ́rẹ́ àjẹsára ni kí Màámi lọ gbà. Èmi tí mo ti ń ta oògùn ní kẹ́míìsì láti ọdún mọ́kàndínlógún, mo ní kí Màámi kọ́kọ́ máa jẹ ẹran wọn ná. Màámi, ẹni ọdún 71, dá gbogbo wa dúró: "Ẹ má pariwo lé mi lórí. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ níwájú mi, kí n rí èyí tó ju èyí."

Ohun tí mo kó sílẹ̀ nìyí. Mo kọ ọ́ síbí nítorí mo mọ̀ pé ìdílé wa nìkan kọ́ ni ìgò yìí dé.

Ṣé thymus ti kú lóòótọ́?

Thymus jẹ́ ẹṣẹ́ kan tó pín sí méjì bí awẹ́ obì gbànja, ó jókòó sókè ọkàn. Inú mùdùnmúdùn egungun ni wọ́n ti ń bí àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn kan nínú wọn gbọ́dọ̀ lọ kọ́ṣẹ́ ní thymus kí wọ́n tó di sẹ́ẹ̀lì T. Ìkọ́ṣẹ́ náà le púpọ̀. Èyí tí kò bá lè dá nǹkan mọ̀, ikú ni. Èyí tó bá fẹ́ bá ara ẹni tó ni ín jà, ikú ni. Nínú ọgọ́rùn-ún tó wọlé, èyí tó ń jáde kò tó márùn-ún.

Ó pẹ́ kí àwọn oníṣègùn tó mọ èyí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá, wọ́n rò pé thymus tó tóbi ló ń fún ọmọ ọwọ́ pa lójú oorun, wọ́n wá ń fi ìtànṣán jó o kó lè sún kì. Jẹjẹrẹ ẹṣẹ́ ọ̀fun ló wá pọ̀ láàárín àwọn ọmọ wọ̀nyẹn nígbà tí wọ́n dàgbà. Ọdún 1961 ni Jacques Miller, tó ń ṣiṣẹ́ ní London, tó fi hàn pé eku tí a bá yọ thymus rẹ̀ kété tí wọ́n bí i kò ní lè bá àrùn jà. Nítorí náà, ẹ má bínú sí ẹni tí kò gbọ́ orúkọ thymus rí. Àwọn dókítà gan-an ò tíì pẹ́ níbẹ̀.

Ká fi ọdẹ ìlú ṣe àpèjúwe. Ẹranko kan ṣoṣo ni sẹ́ẹ̀lì T kọ̀ọ̀kan mọ̀ ọ́n dọdẹ. Thymus ọmọdé ń rán ọdẹ tuntun jáde lójoojúmọ́, oríṣiríṣi, kódà fún ẹranko tí ẹnikẹ́ni ò tíì rí rí. Láti kékeré náà ni ọ̀rá ti ń gba àyè mọ́ thymus lọ́wọ́: nǹkan bí ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún ń lọ lọ́dọọdún títí ènìyàn fi sún mọ́ ogójì ọdún tàbí díẹ̀ lé, lẹ́yìn náà ìsọnù náà á dẹjú. Nígbà tí ènìyàn bá fi máa pé 70, ọ̀rá ló pọ̀ jù níbẹ̀. Àwọn ọdẹ àtijọ́ ṣì wà, wọ́n ń bí sí i, wọ́n sì rántí gbogbo àrùn tí wọ́n ti bá jà. Ọdẹ tuntun ló ṣọ̀wọ́n. Ìdí kan nìyẹn tí àrùn tuntun bíi COVID-19 fi le lára àwọn àgbà ju ti àwọn ọmọ lọ.

Ṣùgbọ́n thymus àgbà ò kú. Ní 2023, àwọn olùwádìí ní Massachusetts General Hospital gbé àbájáde kan jáde nípa àwọn àgbàlagbà tí wọ́n yọ thymus wọn nígbà iṣẹ́ abẹ àyà. Wọ́n fi wọ́n wé àwọn tó ṣe irú iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀ tí thymus wọn ṣì wà níbẹ̀. Láàárín ọdún márùn-ún, ìdá 8.1 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí kò ní thymus mọ́ ló kú. Nínú àwọn yòókù, ìdá 2.8 ni. Jẹjẹrẹ náà mú wọn tó ìlọ́po méjì. Bó ti wù kó kéré tó, iṣẹ́ ṣì ń lọ níbẹ̀.

Ìbéèrè méjì ni mo wá fi ń wọn gbogbo nǹkan tí wọ́n bá gbé wá. Ṣé ó ń kọ́ ilé ìkọ́ṣẹ́ náà padà ni, àbí àwọn ọdẹ tó kù ló ń ràn lọ́wọ́? Ta ni wọ́n sì ti dán an wò lára: eku, ọ̀dọ́, àbí ẹni tó jọ Màámi?

Ìgò náà àti abọ́ ọbẹ̀

Mo gbé ìgò náà sábẹ́ iná, mo ka ara rẹ̀. Nǹkan mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀: thymus ọmọ màlúù tí wọ́n gbẹ tí wọ́n lọ̀, zinc, àti ewé kan tí n kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí.

Ẹ jẹ́ ká mú thymus màlúù náà kúrò ńlẹ̀. Tó bá ti dé inú ikùn, omi inú ikùn á jẹ ẹ́ bó ṣe ń jẹ ẹran yòókù. Kò mọ ọ̀nà tó lọ sí àyà. Ká ní jíjẹ ẹ̀yà ara ẹranko máa ń tún ti ènìyàn ṣe ni, àwọn tó fẹ́ràn orí ewúrẹ́ ni ì bá di ọ̀jọ̀gbọ́n tán ní Èkìtì. Ohun kan wà tí wọ́n ń pè ní thymosin alpha 1, abẹ́rẹ́ ni, wọ́n sì ń lò ó ní àwọn orílẹ̀-èdè kan fún àrùn ẹ̀dọ̀. Àwọn tó ń ta ìgò fẹ́ràn láti máa dárúkọ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dán an wò ní China lára àwọn tó lé ní 1,100 tí àrùn ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ wọn, kò dín iye àwọn tó kú láàárín ọjọ́ 28 kù. Abẹ́rẹ́ tí kò gba inú ikùn kọjá nìyẹn o, ká má tíì sọ hóró tí a gbé mì.

Zinc nìkan ló ní ọ̀rọ̀ nínú. Hòmóònù kan tí thymus ń ṣe ò lè ṣiṣẹ́ láìsí zinc, ẹni tí zinc bá sì wọ́n lára rẹ̀, thymus rẹ̀ á rù. Wọ́n ti fún àwọn àgbà tó wà ní ilé ìtọ́jú arúgbó ní Amẹ́ríkà ní mílígíráàmù 30 lóòjọ́ fún oṣù mẹ́ta, àwọn tí zinc ò tó lára wọn, sẹ́ẹ̀lì T wọn sì pọ̀ sí i. Àwọn ọdẹ ló pọ̀ sí i o. Ilé ìkọ́ṣẹ́ ò sí nínú ọ̀rọ̀ yẹn.

Ìṣirò ni mo wá ṣe sí ẹ̀yìn káàlẹ́ńdà. Mílígíráàmù 15 ló wà nínú hóró kan. Mẹ́rin lóòjọ́ jẹ́ 60. Obìnrin àgbà nílò 8, ọkùnrin 11. 40 ló sì jẹ́ òpin fún ẹni tí dókítà ò sọ pé kó lò jù bẹ́ẹ̀. Tí ènìyàn bá ń gbé zinc tó pọ̀ jù mì fún ìgbà pípẹ́, ó máa ń lé kọ́pà kúrò lára, ẹ̀jẹ̀ á dín kù, ẹsẹ̀ á máa kú tipiri. Màámi ti ń ṣàròyé ẹsẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ohun tó wá dùn mí jù ni pé zinc ò wọ́n. Hóró zinc mílígíráàmù 20 tí wọ́n ń fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru pẹ̀lú ORS wà ní ọ̀pọ̀ ilé ìtọ́jú aláìsàn kéékèèké. Ẹ má lọ máa fún àgbà lójoojúmọ́ láìbéèrè o, mo kàn ń sọ ọ́ kí ẹ mọ ohun tí 38,000 rà ni.

Ó ku oúnjẹ. Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀, torí ibẹ̀ ni àṣìṣe ilé tiwa wà. Zinc wà nínú ẹran màlúù, ẹyin, ẹja, ẹ̀wà, ẹ̀gúsí. Iṣu ò ní i tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀wà ní ohun kan nínú tó ń dí zinc lọ́wọ́, ṣùgbọ́n rírẹ ẹ́ sómi mọ́jú máa ń dín in kù, bẹ́ẹ̀ náà ni kíkan ògì àti bí irú ṣe ń rà. Àwọn ìyá wa ti ń ṣe é kó tó di pé ẹnì kan kọ ọ́ sínú ìwé.

Ọjọ́ Sátidé tí mo lọ, mo jókòó ti Màámi nídìí iyán. Iyán funfun, ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, ẹran méjì. Kí wọ́n tó bu òkèlè kẹta, ẹran kan ti wà nínú àwo ọmọ mi. Òkèlè karùn-ún, èkejì ti bọ́ sọ́wọ́ ọmọ aládùúgbò tó wá gba iná. Mo bi wọ́n léèrè. Wọ́n ní: "Eyín mi ò fẹ́ ẹ." Láti ìgbà wo? "Ó ti tó ọdún méjì." Ọdún méjì! Iyán àti omi ọbẹ̀ ni Màámi ń jẹ fún ọdún méjì, àwa sì ń jà lórí hòmóònù.

Ẹni tí amúaradàgbà ò bá wọ inú rẹ̀ tó, thymus ló máa ń kọ́kọ́ rù. Ara àwọn ọmọ tí ebi ń pa ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i. Nítorí náà, láàárín ìgò àti abọ́ ọbẹ̀, mi ò ro ó lẹ́ẹ̀mejì: ẹran tí a gún tàbí tí a sè títí ó fi rọ̀, ẹyin kan lóòjọ́, ẹja tí a yọ egungun rẹ̀. Ẹ jókòó tì wọ́n kí wọ́n jẹ ẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan nípa nọ́ńbà NAFDAC tó wà lára ìgò: ó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ẹ ka ìlà kékeré tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ lára àwọn oògùn ìbílẹ̀, ibi tí wọ́n ti sọ pé NAFDAC ò ṣàyẹ̀wò ohun tí olóògùn ní ó ń ṣe. Nọ́ńbà yẹn ò sọ pé thymus máa jí.

Òkè Ìkẹ́rẹ́ àti abẹ́rẹ́ Houston

Ẹ̀gbọ́n mi ò purọ́. Nínú gbogbo ohun tí àwa ọmọ dámọ̀ràn fún Màámi, tirẹ̀ nìkan ni ẹ̀rí wà fún pé ó lè dín ọ̀rá inú thymus ènìyàn kù. Ní California, Greg Fahy àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún àwọn ọkùnrin mẹ́sàn-án ní hòmóònù ìdàgbà fún ọdún kan, pẹ̀lú DHEA, tó jẹ́ hòmóònù mìíràn, àti metformin. Ní 2019 ni wọ́n gbé e jáde: nínú àwòrán MRI méje lára wọn, ó dà bíi pé ẹran thymus ń gba àyè padà lọ́wọ́ ọ̀rá.

Ẹ kà á dáadáa. Àwọn mẹ́sàn-án. Ọkùnrin ni gbogbo wọn, láti ọdún 51 sí 65, ara wọn le. Kò sí àwùjọ mìíràn tí kò gba abẹ́rẹ́ tí wọ́n lè fi wọ́n wé. Kí ló sì dé tí wọ́n fi metformin, oògùn ìtọ̀ ṣúgà tí gbogbo wa mọ̀, kún un? Torí hòmóònù ìdàgbà máa ń gbé ṣúgà sókè ni. Ó tún máa ń gbé ohun kan sókè nínú ẹ̀jẹ̀ tí jẹjẹrẹ fẹ́ràn. Màámi ti ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ìyá wọn sì ní ìtọ̀ ṣúgà. Mo béèrè lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi pé ta ló máa máa wọn ṣúgà Màámi lóṣooṣù, ta ló máa san owó MRI. Ó ní òun máa pè mí padà.

Ẹ wá wo òdì kejì. Ní Birmingham, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ṣàyẹ̀wò 125 àgbàlagbà tó ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere, ẹni ọdún 55 sí 79. Ní 2018 wọ́n ròyìn pé ọdẹ tuntun tó ń jáde láti inú thymus wọn pọ̀ gan-an ju ti àwọn ojúgbà wọn tó ń jókòó lọ, ó sún mọ́ ti ọ̀dọ́. Ìròyìn ayọ̀ nìyẹn, àmọ́ ẹ má jẹ́ ká fi ṣẹ̀tàn. Ọkùnrin tí wọ́n gbà síbẹ̀ gbọ́dọ̀ lè gun 100 kìlómítà láàárín wákàtí mẹ́fà ààbọ̀, wọ́n sì ti ń gun kẹ̀kẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kò fi hàn pé ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 71, thymus rẹ̀ máa hù.

Síbẹ̀ èyí ni mo máa mú. Rírìn ò ba ṣúgà jẹ́, ó ń dín in kù ni. Èkìtì ò sì ṣaláìní òkè. Láti ilé Màámi sí ibi tí ènìyàn ti ń rí àpáta Olósunta kedere tó ogún ìṣẹ́jú, òkè ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì wọn gan-an wà lórí òkè, ọ̀kadà ló kàn ń gbé wọn lọ.

Ààwẹ̀ ńkọ́? Wọ́n bi mí léèrè ní ṣọ́ọ̀ṣì kan náà yẹn. Òótọ́ ni pé ní Amẹ́ríkà àwọn tó dín oúnjẹ wọn kù pẹ̀lú ìdá 14 nínú ọgọ́rùn-ún fún ọdún méjì ní ọ̀rá tó dín kù nínú thymus wọn. Ọ̀dọ́ àti ẹni àárín ni wọ́n, kò sí ẹni tó ju 50 lọ nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ń jẹ gbogbo èròjà tó yẹ. Àgbà tó ti rù, tó ń fi ẹran tọrẹ, kò sí nínú wọn.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára méjì tó yẹ ká fi wéra

Mo gbà fún àbúrò mi níbí. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ò kọ́ ilé ìkọ́ṣẹ́ rárá, àwọn ọdẹ tó kù ló ń kọ́ ní iṣẹ́. Bí wọ́n bá ṣe é fún àgbà, ó ń ṣiṣẹ́. Ẹ wo shingles, èéwo olómi tó máa ń tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ara bí ìgbànú, tó ń ta bí iná. Kòkòrò chickenpox tí ènìyàn ṣe ní kékeré ló ń sá pamọ́ sínú iṣan. Nígbà tí sẹ́ẹ̀lì T bá rẹ̀, ó máa jí.

Abẹ́rẹ́ méjì ni wọ́n ti ṣe fún un. Zostavax, ti 2006, dáàbò bo nǹkan bí ìdajì àwọn tó gbà á nígbà tí wọ́n ṣì ń tà á, ṣùgbọ́n nínú àwọn tó ti lé ní 70, ìdá 38 nínú ọgọ́rùn-ún péré. Shingrix dé ní 2017, ó tó ìdá 90 kódà nínú àwọn ẹni 70 lọ sókè. Sẹ́ẹ̀lì T arúgbó kan náà ni o! Ohun tí wọ́n fi kún Shingrix láti ta àjẹsára jí ló fa ìyàtọ̀, ara rẹ̀ sì ni ohun kan tí wọ́n yọ láti inú èèpo igi kan ní Chile. Màámi rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n gbọ́ èèpo igi: "Àgbo ni, ẹ kàn rọ ọ́ sínú abẹ́rẹ́ ni." Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń gbà á, oṣù méjì sí mẹ́fà láàárín wọn. Kò sí lára abẹ́rẹ́ ọ̀fẹ́ ìjọba níbí, nítorí náà ibẹ̀ ni mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé kó na owó hòmóònù sí nígbà tí Màámi bá wá wẹ ọmọ fún ìyàwó rẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún ọ̀kan o: abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú tó wà fún yellow card. Kòkòrò ààyè ló wà nínú rẹ̀. Ẹni tí àrùn bá thymus rẹ̀ jà tàbí tí wọ́n ti yọ ọ́ kò gbọdọ̀ gbà á rárá. Ẹni tó ti lé ní 60 tí kò gbà á rí gbọ́dọ̀ bá dókítà sọ̀rọ̀ kó tó gbà á, torí ewu rẹ̀ ga fún un. Ẹni tó bá sì ti gbà á rí, láti oṣù keje 2016 ni káàdì náà ti wà títí ayé, kò sí ìdí láti tún gún un nítorí pé ọdún mẹ́wàá ti pé. Ẹ wá káàdì àtijọ́ yín nínú àpótí.

Àwọn tí a ò lè rà

Kíákíá, torí wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í ta ayédèrú wọn láìpẹ́. Rethymic jẹ́ ẹran thymus ọmọ ọwọ́ tí wọ́n tọ́jú, tí wọ́n gbìn sí itan ọmọ tí wọ́n bí láìní thymus. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní 2021, owó rẹ̀ ju mílíọ̀nù méjì dọ́là lọ, kì í sì í ṣe fún arúgbó. Ní Edinburgh ní 2014, wọ́n jí èròjà kan tí wọ́n ń pè ní FOXN1 nínú eku tó ti darúgbó, thymus rẹ̀ sì hù padà. Eku ni.

Ọ̀nà tó ti pẹ́ jù lọ ni ìtẹ̀lọ́dàá. Láti 1898 ni wọ́n ti rí i pé ehoro tí a tẹ̀ lọ́dàá, thymus rẹ̀ máa ń tóbi, torí hòmóònù ìbálòpọ̀ wà lára ohun tó ń mú un rù. Ẹni tó bá ń sin òbúkọ lè yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ tó bá pa èyí tó tẹ̀ lọ́dàá. Mi ò tíì rí bàbá kan ní Ìkẹ́rẹ́ tí mo lè gbé e lọ bá.

Ta ló yẹ kó mú èwo

Fún ọmọ ọwọ́, ọmú nìkan. Ní Copenhagen wọ́n rí i pé thymus ọmọ oṣù mẹ́rin tó ń mu ọmú nìkan tó ìlọ́po méjì ti èyí tó ń mu wàrà agolo.

Ẹni tó ń lo oògùn HIV: sẹ́ẹ̀lì T ni CD4 tí wọ́n ń kà fún yín yẹn. Kò sí ìgò kankan tó lè gbapò oògùn yín. Ẹni tó bá ní kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ti tirẹ̀, ẹ dìde níwájú rẹ̀.

Ẹni 50 sí 65 tó ṣì lágbára ni mo rò pé ìrìn máa ṣe láǹfààní jù, kó bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ ṣì ń gbé e. Kó dín sìgá kù sí òfo.

Ẹni 70 lọ sókè: ẹ wo abọ́ rẹ̀, ẹ wo eyín rẹ̀, ẹ lọ béèrè abẹ́rẹ́. Tí dókítà bá ní zinc ò tó lára rẹ̀, kó mú iye tí dókítà sọ, kó sì ní ọjọ́ tó máa dáwọ́ dúró.

Ní ti Màámi, a mú wọn lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn eyín ní Adó. Ó yọ méjì, ó dí ọ̀kan. Owó rẹ̀ ò tó ti ìgò. Sátidé tó kọjá, ẹran ṣì ń fò láti inú abọ́ wọn, àmọ́ ọ̀kan péré ni. Wọ́n jẹ èkejì fúnra wọn, wọ́n ń wò mí lójú bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́.